ÌSINMI TÍ Ó DI ÌNIRA: NÍBO NI OLÓRÍ ILÉ Ń KÓ ẸBÍ RẸ̀ WỌ̀ SÍ?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ṣe òru ní àkókò ìsinmi fún ẹ̀dá, tí Ó sì ṣe ọ̀sán ní àkókò wíwá ìjẹ-ìmu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí oṣù Keje bá ń parí lọ, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ilẹ̀kùn fún ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn, ọ̀rọ̀ kan a máa bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Kòsọ́fẹ́, láti Kétu dé Ìkòsí, láti Mile 12 dé Alápẹrẹ àti Ògùdù. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: "Níbo ni à ń lọ lọ́dún yìí?" Láyé àwọn bàbá, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà fún un: ilé ni à ń lọ, ìlú tí a ti bí bàbá ẹni. Lóde òní, ìdáhùn ti di púpọ̀. Ẹnìkan ń pe Dubai, ẹlòmíràn ń pe London, ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ìyẹn ń pe òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní apá Lẹ́kì, níbi tí igi àgbọn gbé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí owó orí yàrá sì ń dẹ́rù ba ẹni tí kò ì tíì wọ inú rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí olórí ilé kó aya àti ọmọ rẹ̀ jáde láti lọ sinmi. Ẹ̀sìn Islam kò kórìíra ìrìn-àjò. Àl-Kùránì pa á láṣẹ ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ pé kí ọmọ ènìyàn rin orí ilẹ̀, kí ó wo iṣẹ́ Ọlọ́hun àti ìgbẹ̀yìn àwọn ìran tí ó ti kọjá. Òfin ẹ̀sìn tilẹ̀ ṣe ìrọ̀rùn fún arìnrìn-àjò: ìrun oníraka mẹ́rin di méjì fún un, bí ààwẹ̀ Ramadan bá sì bá a lójú ọ̀nà, ó lè jẹun kí ó san án padà lẹ́yìn. Ẹ̀sìn tí ó bá kórìíra ìrìn-àjò kò ní ṣe irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ní bíbáwí ni irú ètò tí ọ̀pọ̀ olórí ilé ń ṣe. Wọ́n ń kọ́kọ́ yan ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń fi owó gbèsè rìn ín, ibi tí aya àti ọmọ yóò sùn ni wọ́n sì ń fi sí ìkẹyìn, tí wọn yóò fi ìwọ̀nba owó tí ó bá ṣẹ́kù wá a. Bẹ́ẹ̀ ibi tí ènìyàn bá sùn sí ni ìsinmi rẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó dá àjò lé.

ỌNÀ JÍJÌN KỌ́ NI ÌSINMI

Kí ènìyàn kọ́kọ́ wo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kòsọ́fẹ́ kì í ṣe agbègbè àwọn ọ̀lẹ. Ní Mile 12, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé tòmátì, ata àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya a ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin tí ó bá sì fẹ́ rí ọjà gidi rà ti gbọ́dọ̀ kúrò lórí ibùsùn kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Ní Ìkòsí, àwọn tí ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń dúró nínú oòrùn àti òjò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ń tò fún ọkọ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n tún ń tò ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní oṣù Kẹta ọdún 2008, tí wọ́n sì fà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, dín ìyà náà kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, omi wọ ilé àwọn ènìyàn ní apá Àgbóyì, Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá jáde pẹ̀lú ẹrù lórí.

Irú àwọn ènìyàn báyìí nílò ìsinmi ju ọba lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ìsinmi tí wọ́n nílò? Oorun àsùnwọra ni. Omi mímọ́ ni. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni, níbi tí kò ti sí fèrè ọkọ̀ àti ariwo àwọn agbèrò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó jẹ́ àkókò fún bàbá tí ó ń jáde nígbà tí ọmọ ń sùn, tí ó sì ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn, láti jókòó ti ọmọ náà kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí a ń fi ìwọ̀n kìlómítà wọ̀n.

Ẹ wo àwọn tí ń sáré lọ sí Dubai ní ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ọlidé náà ń bọ́ sí. Ní àkókò yìí, òjò ti mú ilẹ̀ Èkó tutù, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní Kétu tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi aṣọ bora ní òru. Ní àkókò yìí kan náà, ooru Dubai a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ẹsẹ̀ ọmọdé kò lè tẹ ilẹ̀ gbígbóná ní ọ̀sán. Ìdílé tí ó sá kúrò nínú ìtura lọ sínú iná, tí ó wá ń ti inú ṣọ́ọ̀bù bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn má baà pa wọ́n, tí ènìyàn márùn-ún sì ń sùn nínú yàrá ẹni méjì nítorí pé owó ọkọ̀ òfuurufú ti gbé owó yàrá mì, ìdílé náà kò lọ sinmi. Ó lọ ya àwòrán ni.

GBÈSÈ KÌ Í RA ÌSINMI

Hájì jẹ́ òpó kan nínú àwọn òpó márùn-ún tí Islam dúró lé. Síbẹ̀, Ọlọ́hun kò sọ ọ́ di dandan àfi fún ẹni tí ó bá ní agbára ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó Hájì kò dẹ́ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí Ọlọ́hun bá gba ẹ̀dá láàyè láti má ṣe yá owó lọ sí Ilé Rẹ̀ ní Mẹ́kà, ta ni ó wá sọ ọ́ di dandan fún oníṣòwò Mile 12 pé kí ó yá owó lọ wo ilé gogoro Dubai? Kì í ṣe Ọlọ́hun. Àwọn aládùúgbò ni. Ojú ayé ni.

Ọ̀pọ̀ nínú owó yìí ni ó ń wá láti ibi tí kò yẹ. Ẹnìkan yóò kó owó àjọ tí ó yẹ kí ó fi kún ọjà. Ẹlòmíràn yóò gba owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò purọ́ pé ilé ni òun fẹ́ kọ́. Ẹni tí ó burú jù lọ yóò wọ inú owó èlé, ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀ tààrà, yóò sì máa fi oṣù mẹ́wàá san gbèsè ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje náà kò ní tán kí ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí ó kù. Onígbèsè kì í sùn fọnfọn, ì báà sùn lórí tìmùtìmù.

Kí a tún wo bí náírà ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 500 ní iye tí ìjọba ń tà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là tí olórí ilé lè fi nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù náírà rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ó ń gba mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ sókè, láàárín oṣù mẹ́sàn-án péré. Èrè orí agbọ̀n tòmátì kò di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́sàn-án náà. Owó oṣù tíṣà kò di ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá sì fi gbogbo ìgbádùn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ onílẹ̀kùn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ rántí pé onílẹ̀kùn lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba àwọn Lárúbáwá tí ó ni Dubai dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà dúró. Ó di oṣù Keje ọdún 2024 kí ìkéde tó jáde pé wọ́n ti ṣí i padà. Nínú ọlidé ọdún 2023 tí ó wà láàárín, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí Dubai fún jókòó sílé, bí ẹni pé kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé.

TA NI Ó Ń SINMI?

Ìbéèrè kan wà tí olórí ilé kì í sábàá bi ara rẹ̀: nínú ìrìn-àjò yìí, ta ni ó ń sinmi? Ọkùnrin yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀, yóò máa ka ìwé ìròyìn. Obìnrin ni yóò di ẹrù, òun ni yóò tú u. Òun ni yóò wẹ ọmọ, òun ni yóò wá ibi tí a ti ń ta gáàsì, òun ni yóò dáná fún gbogbo ilé nínú ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin tí ó ti dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti oṣù Kìíní títí di oṣù Keje, bí ó bá lọ sí ọlidé tí ó tún ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọjà ni ó pààrọ̀, kò sinmi.

Ìtàn Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Wọ́n gbà á wá nínú Hadíìsì pé lójú ìrìn-àjò kan, ó bá aya rẹ̀ Áíṣà sáré ìje. Áíṣà borí nígbà àkọ́kọ́, ní ìgbà mìíràn Ànábì borí, ó sì fi ṣe àwàdà pé èyí ni ìpààrọ̀ ti ìṣáájú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, olórí ogun ni, adájọ́ ni, síbẹ̀ ó rí àyè fún aya rẹ̀ lójú ọ̀nà. Áíṣà yìí kan náà ni ó jẹ́rìí sí i pé a máa ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé. Kí ni ẹni tí kò lè gbé ife tí ó mu omi tán yóò wí níwájú irú àpẹẹrẹ yìí?

Ti àwọn tí ń lọ wọ̀ sọ́dọ̀ ẹbí ní London tún yàtọ̀. Wọ́n a ní àwọn ti fi owó òtẹ́ẹ̀lì pamọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àpò ta ni owó náà ti jáde? Ẹbí tí ó ń gbé yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó ń ti iṣẹ́ dé láàárọ̀ tí kò rí ibi tẹ́ ara lé nítorí pé àlejò mẹ́fà ti tò sí pálọ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ojú ń tì í. Hadíìsì ti ṣàlàyé pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, ohun tí ó bá lé e, sàárà ni. Kò sì tọ́ kí àlejò pẹ́ títí yóò fi kó onílé sínú ìnira. Ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìjókòó pálọ̀ ẹlẹ́gbọ́n rẹ̀ kò ṣọ́ owó ná. Ó ná owó ẹlòmíràn.

ILÉ TÍ A KỌ́ TÍ A TÌ PA

Àwàdà tí ó ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń háyà yàrá káàkiri ayé yìí ni ó ní ilé. Ní Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìṣẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Ọ̀ffà, ní Ìlọrin, ilé àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé Èkó tò lọ bẹẹrẹ. Wọ́n kùn wọ́n lọ́dà, wọ́n fi irin sí fèrèsé, wọ́n sì tì wọ́n pa. Ewúrẹ́ ni ó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin Iléyá àti ọjọ́ òkú ni a ń ṣí wọn. Onílé náà kò mọ bí yàrá rẹ̀ ṣe máa ń rí ní òru oṣù Kẹjọ, nítorí kò sùn níbẹ̀ rí ní oṣù Kẹjọ.

Àwọn tí ń sá fún ilé ní àwáwí mẹ́rin. Wọ́n ní kò sí iná, kò sí omi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi owó ìrìn-àjò kan ṣoṣo gbẹ́ kànga, kí wọ́n tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí wọ́n sì ra iná onítànṣán oòrùn mọ́ ọn. Owó Dubai tán ní ọjọ́ méje. Owó kànga yóò máa fún wọn ní ibi ìsinmi lọ́dọọdún, àwọn aládùúgbò yóò sì máa rí omi pọn níbẹ̀, èyí tí í ṣe sàárà tí ẹ̀san rẹ̀ ń bá ènìyàn lọ lẹ́yìn ikú.

Wọ́n ní àwọn ẹbí yóò máa tọrọ owó. Èyí jẹ́ òtítọ́, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ya iye kan sọ́tọ̀ kí ó tó kúrò ní Kétu, tí ó fún ẹni tí ó yẹ, tí ó sì fi ọ̀yàyà sọ fún àwọn yòókù pé ibi tí agbára mọ nìyí, yóò rí i pé ohun tí ó ná kò tó owó takisí ọjọ́ méjì ní òkè òkun.

Wọ́n ní aya kò ní sinmi, nítorí gbogbo ẹbí yóò kún ilé wá jẹun. Àwáwí yìí ni ó ní ìwúwo jù, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọkọ. Kí ọkọ sanwó fún ẹni tí yóò dáná. Kí òun fúnra rẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Kí ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tútù pé: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, aya mi ti ṣiṣẹ́ títí lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi." Kò sí ìyá rere tí yóò gbọ́ èyí kí ó bínú.

Àwáwí ìkẹrin ni wọn kì í sọ jáde: wọ́n ń bẹ̀rù ayé. Wọ́n ní àwọn àgbà ìlú yóò fi ojú burúkú wo ọmọ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ké Kúlì Áúsù ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bẹ Ọlọ́hun fún ààbò kúrò lọ́wọ́ ìlara onílara, wọ́n sì tún ń ṣe bí ẹni pé ààbò náà kò kọjá afárá Òdò Ìyá Alárò. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́hun ń ṣọ́ òun ní Mile 12 láàárín ọ̀wọ́ àwọn jàgùdà, kí ló dé tí kò gbàgbọ́ pé Ó lè ṣọ́ òun nínú yàrá tí bàbá rẹ̀ kọ́?

Ohun tí ó wà nínú ewu níhìn-ín kì í ṣe kékeré. Okùn ẹbí ni. Islam ka dídá okùn ẹbí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Lónìí, àwọn ọmọ kan wà ní Ìkòsí tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo ilé ìtajà Dubai, tí wọn kò mọ orúkọ ìyá bàbá wọn. Wọn kò gbọ́ ẹ̀ka èdè ìlú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rí ojú bàbá àgbà ní ọjọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Ọmọ tí ó jẹ́ pé òkú ni ó fi mọ bàbá bàbá rẹ̀, kí ni yóò pe bàbá tirẹ̀ lọ́la? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò mú relé rí, ibo ni yóò pè nílé?

Ẹni tí kò bá ní ilé ní ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí èyí jókòó. Kí ó gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì tí ó mọ́ nínú ìlú náà, kí ó sì máa kó ọmọ lọ kí àwọn àgbà lójoojúmọ́. Yóò sinmi, okùn ẹbí kò sì ní já.

KÍ A WO YÀRÁ KÍ A TÓ SANWÓ

Bí olórí ilé bá wá yàn láti gba yàrá, àmáànà ni aya àti ọmọ jẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Kí ó fi ojú wo nǹkan wọ̀nyí, kí ó má fi etí wò wọ́n.

Ìkíní, omi. Kí ó bèèrè bóyá omi ń yọ nínú ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́, kí ó sì wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó tó wo ibùsùn. Ibi tí omi kò bá sí, àìsàn ni yóò bá wọn padà sí Kétu.

Ìkejì, ẹ̀rọ amúnáwá. Kí ó wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Bí ó bá wà lábẹ́ fèrèsé yàrá, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú lórí ibùsùn.

Ìkẹta, ẹ̀fọn. Àkókò òjò ni ọlidé yìí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ni ibà ń pa jù. Nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí kò wúwo nínú àpótí. Kí wọ́n gbé e dání láti ilé.

Ìkẹrin, irú àwọn tí ń wọlé. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí a ń háyà yàrá rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, tí ọtí ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, tí orin kì í dákẹ́ títí di òwúrọ̀. Àwọn kan kò jìnnà sí òpópónà Kétu gan-an. Kò sí àwòrán etí òkun tí ó lè sọ irú ibẹ̀ di ibi tí a ń mú ọmọbìnrin ẹni lọ sùn.

Ìkarùn-ún, omi tí a ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Òkun Èkó kì í ṣe adágún. Ìṣàn abẹ́ rẹ̀ lágbára, ó ti gbé àwọn géńdé tí ó mọ odò wẹ̀ lọ. Ọmọdé tí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò gbọdọ̀ dé bèbè rẹ̀. Kòtò ìlúwẹ̀ẹ́ inú òtẹ́ẹ̀lì náà kò yàtọ̀, bí kò bá sí olùṣọ́ níbẹ̀.

Ìkẹfà, owó. Àwòrán lè purọ́. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ tí ń fi àwòrán ilé onílé gba owó lórí fóònù. Kí olórí ilé wá ojúlùmọ̀ kan ní ìlú náà, kí ẹni náà fi ojú ara rẹ̀ wo yàrá, kí a tó fi owó ránṣẹ́. Kí ó sì rin ìrìn rẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí ewu àwọn ajínigbé ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍTÒSÍ

Ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ọmọ lè rí nítòsí kò tíì wá a ni. Láàárín Èkó níhìn-ín, Mọ́sálásí Ṣítta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894 wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti Brazil dé fi ọgbọ́n wọn kọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ Mùsùlùmí Kòsọ́fẹ́ ni ó ti wọ inú rẹ̀? Ní Lẹ́kì, ọgbà ìdáàbòbò igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀bọ rẹ̀ àti afárá orí igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Àgbóyì, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò jìnnà sí Kétu. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èbúté Mẹ́ta sí Ìbàdàn ní ọdún 2021 ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Níbẹ̀ ni Olúmọ wà, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ nígbà ogun. Àwọn kan a ní ojúbọ òrìṣà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí Mùsùlùmí bọ ọ́. Àpáta ni kí ó wò, kí ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ bí ogun ṣe ń sọ ènìyàn di ẹni tí ń gbé inú ihò. Ní Òkè-Èrì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ lè rí Ẹrẹ́dò Sùngbọ́, yàrà àti odi tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ gbẹ́. Ní Ìkógòsì Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirìn ń já bọ́ láti orí òkè dé orí òkè. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ ní àkókò òjò, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé gùn ún jìnnà.

Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má dé ilẹ̀ òkèèrè, Àjàṣẹ́ wà ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá, tí mọ́sálásí àgbà tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí kọ́ sì dúró bí ilé ìsìn àwọn ará Brazil. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Kò sí onílẹ̀kùn tí a óò kúnlẹ̀ bẹ̀.

"KÍ NI ỌMỌ YÓÒ KỌ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́?"

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí fi ń gbe ara wọn ni pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, tíṣà yóò ní kí ọmọ kọ àròkọ nípa bí ó ṣe lo ọlidé rẹ̀, ojú yóò sì ti ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí a bi wọ́n: èwo ni ó kún ìwé jù? Ọmọ kan wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, ó jẹ áìsìkirimù, ó ya àwòrán níwájú ilé gíga. Ọmọ kejì gun àpáta, ó bu omi gbígbóná àti tútù sí ọwọ́ méjèèjì, ìyá àgbà kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó tì í lábẹ́ òṣùpá fún òru márùn-ún, ó sì sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún un. Tíṣà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ọmọ tí ó lọ ọlidé nínú àwọn méjèèjì.

Ojú tí ń ti òbí ni òbí ń gbé lé ọmọ lórí. Ọmọ ọdún méje kò mọ iye dọ́là. Ó mọ ìgbà tí inú bàbá rẹ̀ dùn, ó sì mọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń fi ìbínú dáhùn fóònù olówó èlé.

Nítorí náà, kí olórí ilé ní Kòsọ́fẹ́ yí ètò rẹ̀ padà. Kí ó kọ́kọ́ ka owó tí ó wà nílẹ̀, owó tí kò sí gbèsè nínú rẹ̀. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ aya rẹ̀ irú ìsinmi tí ara rẹ̀ ń fẹ́, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ èsì. Kí ó wá ilé tí wọn yóò wọ̀ sí, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó dárúkọ ìlú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe Ìṣẹ́yìn ni wọ́n dé, wọn yóò padà sí Kétu pẹ̀lú ara tí ó tù àti ọrùn tí gbèsè kò so. Bí ó bá sì yí i sí òdì, ì báà yí ayé po, ọjà ni ó lọ, kò lọ sinmi.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn olórí ilé mọ ìwọ̀n ara wọn, kí Ó so okùn ẹbí tí ó ti já, kí Ó sì máa ṣọ́ gbogbo arìnrìn-àjò ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.